"Ìṣàn" kọ́, ìrìn iṣẹ́ ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín láti Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a jọ ń wá fún "layout" àti "workflow" ilé-iṣẹ́ ni mo bá wá. Bàbá wa ará Ìbàdàn ní ká máa pe bí ẹ̀rọ ṣe wà nínú ilé-iṣẹ́ ní "ìjókòó ẹ̀rọ", ká sì máa pe bí iṣẹ́ ṣe ń bọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní "ìṣàn iṣẹ́". Àbúrò wa obìnrin fara mọ́ ìṣàn, àmọ́ ó ní "ìtò" sàn ju ìjókòó lọ.

Òun ni mo gbè lẹ́yìn lórí ìtò. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì pé ẹ fẹ́ tún ìjókòó ẹ̀rọ ṣe, rọ́bà abẹ́ éńjìnnì ni yóò máa wá kiri. Kí a má ṣáà gbàgbé àmì o, kí ìtò má lọ di ìtọ̀ lójú ẹni tó ń kà á lórí fóònù! Oríṣi méjì ni mo fẹ́ ká pín in sí: "ìtò ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́", níbi tí irú ẹ̀rọ kan náà ti wà lójú kan, àti "ìtò ẹlẹ́sẹẹsẹ", tí ẹ̀rọ tẹ̀ lé bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra. Lẹ́sẹẹsẹ kò ní kó tọ́ gbọọrọ. A máa ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ láìfa ìlà kankan.

Ìṣàn ni mi ò lè gbà, "ìrìn iṣẹ́" ni tèmi. Ní ilé búrẹ́dì kan ní Òkè-Fìà níbí, ẹ̀rọ tó ń po fúláwà wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀, èyí tó ń lọ̀ ọ́ kúnná wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, tábìlì tí wọ́n ti ń gé e tún wà níwájú. Àwọn ọmọ á ru fúláwà pípò léjìká, wọ́n á máa pariwo "Àgò o!", nítorí ẹni tó ń gbé páànù gbígbóná bọ̀ láti ìdí ààrò ń gba ọ̀nà kan náà. Ọ̀gá wọn wá tò wọ́n yípo ilé, títí kan ibi tí wọ́n ti ń wé e lọ́rá, tó fi jẹ́ pé ibi tí fúláwà ń gbà wọlé kò jìnnà síbi tí búrẹ́dì ń gbà jáde. Ohun tí àwọn ọmọ náà sọ ni pé, "Iṣẹ́ ti ń rìn báyìí." Kò sẹ́ni tó ní ó ń ṣàn. Omi ló ń ṣàn, ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàn. Búrẹ́dì gbọ́dọ̀ dúró kó wú kó tó wọ ààrò, ẹni tó ń rìn ló sì lè dúró.

Ìrìn iṣẹ́ náà ni iléeṣẹ́ mọ́tò Ford ṣe ní Highland Park, lÁmẹ́ríkà, ní 1913: òṣìṣẹ́ dúró, férémù mọ́tò ló ń rìn wá bá a. Títo férémù mọ́tò kan, tó ń gbà ju wákàtí 12 lọ tẹ́lẹ̀, wá di nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ó ku ibi tí iṣẹ́ ń gbá jọ sí tí kò lè kọjá. Mo rí i tẹ́nìkan kọ "ọrùn ìgò", bí òyìnbó ṣe ń pè é ní "bottleneck". Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? "Ìdí ààrò niṣẹ́ há sí" ni wọ́n ń sọ ní Òkè-Fìà. "Ibi ìhá" ni mo rí gé kù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.