Ọkọ̀ ìbejì mi ń fi imú gún omi: kí ni kí n ṣe sí i?

Ọmọ Ìbẹ̀ṣẹ̀:
Ẹ kú ojú omi o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi ló sú mi tí mo fi gbé e wá síwájú yín. Ọkọ̀ ìpẹja oní-fáíbà ni, ẹsẹ̀ bàtà 19, kàtàmaráànù, èyí tí abẹ́ rẹ̀ pín sí méjì tí omi ń gba àárín kọjá. Ọkọ̀ ìbejì ni wọ́n ń pè é létídò wa, mo bá kúkú sọ abẹ́ òsì ní Táyé, mo sọ tọ̀tún ní Kẹ́yìndé. Ẹ́ńjìnnì Yamaha Enduro 40, ìyẹn alágbára ẹṣin 40, kan ṣoṣo ló wà láàárín ìdí rẹ̀. Àlòkù ni mo rà á.

Àárọ̀ kì í ní wàhálà. Omi á tẹ́ pẹrẹsẹ, ọkọ̀ á máa sáré lọ bí ọ̀bẹ. Ọ̀sán ni ìjà máa ń dé. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá ti gbéra, ẹ̀yìn ni ìgbì ń gbà lé wa bọ̀ láti apá Èkó wá sí Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ìgbì á gbé ìdí ọkọ̀ sókè, imú á gún ẹ̀yìn ìgbì tó wà níwájú, omi á bú jáde láàárín Táyé àti Kẹ́yìndé, á dà sí wa lójú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kúlà ẹja ṣí kúrò láyè rẹ̀, ó lọ gbá ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lórúnkún.

Tí mo bá tún fẹ́ yà, pàápàá tí mo bá ń yẹra fún ọkọ̀ àwọn awayanrìn, ẹ́ńjìnnì á kàn máa han "wììììn", ọkọ̀ ò ní lọ. Àfi bíi pé afẹ́fẹ́ ni pọ̀rọ̀pẹ́là ń gbá. Ó tún ń fì sọ́tùn-ún.

Iwájú ni mo ń kó àwọ̀n sí. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù 25 lítà méjì wà, torí ibẹ̀ ni òjìji wà. Mẹkáníìkì wa ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 75. Owó dà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Atukọ̀ Àgbà:
Àbúrò, má ra 75 kankan. Á wúwo lé ìdí ọkọ̀ tí wọn ò kọ́ fún un, àrùn tó ń ṣe é á sì wà níbẹ̀, á kàn máa yára sí i ni. Dá mi lóhùn ná: tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, ṣé ó ṣì ń fì sọ́tùn-ún? Ihò wo ni irin tí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn apá rẹ̀ tó wọnú omi, fara tì wà?

Ọmọ Ìbẹ̀ṣẹ̀:
Ẹ ṣé sà. Ó ń fì bó tilẹ̀ ṣófo. Ihò tó sún mọ́ ọkọ̀ jù lọ ni irin náà wà. Bí mo ṣe bá a nìyẹn, mi ò fọwọ́ kàn án.

Atukọ̀ Àgbà:
Ó tán! Bí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bá wọnú tó bẹ́ẹ̀, ìdí ọkọ̀ ló ń gbé sókè, imú ló sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dáa tẹ́ ẹ bá dojú kọ ìgbì. Tí ìgbì bá ń bọ̀ lẹ́yìn, ńṣe lòun àti ìgbì jọ ń ti imú sínú omi. Pa ẹ́ńjìnnì, yọ irin náà, sún un síta ní ihò kan péré, kó o wà á wò. Bí imú bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, tó ń lu omi gbà-gbà-gbà, o ti sún un jù nìyẹn, dá a padà.

Kó ẹrù kúrò níwájú pẹ̀lú. Bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan tó kílò 18. Ṣe é ní méjì, fi àwọ̀n tó ti mumi kún un: o ti tẹ́ géńdé ọkùnrin kan sí imú ọkọ̀ nìyẹn. Abẹ́ ìbejì tín-ín-rín níwájú, kò lágbára àtiru ẹrù níbẹ̀ bí ọkọ̀ abẹ́ kan tó fẹ̀. Gbé kẹ́ẹ̀gì wá sí àárín, fi tapólì bò ó tó bá jẹ́ oòrùn lò ń sá fún.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Kó o fi àpò iyanrìn kan sínú Táyé, fífì yẹn á tán.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ rì wọ́n ni? Èmi kì í wa ọkọ̀ o, àmọ́ owó mi ló ra méjì tó ń ṣiṣẹ́ fún mi, mo sì ti rí èyí rí. Ọkọ̀ tó ṣófo tó ń fì, omi ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi, gbé e gun ilẹ̀, kó o ṣí ìdérí ihò ìdí Kẹ́yìndé. Lítà omi kan, kílò kan ni. Tó bá sì jẹ́ pé fóòmù ni wọ́n kì sínú rẹ̀, tí fóòmù náà ti mumi, iṣẹ́ nìyẹn, kò ní dà jáde bọ̀rọ̀.

Mẹkáníìkì Etí Omi:
Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ariwo ẹ́ńjìnnì. Irin pẹlẹbẹ kan wà lókè pọ̀rọ̀pẹ́là, ó nà sẹ́yìn bí ahọ́n. Tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀, gbé pákó tó tọ́ dáadáa sí abẹ́ Táyé àti Kẹ́yìndé níbi ìdí wọn, kó o wo ibi tí ahọ́n yẹn wà sí pákó náà. Nínú ọkọ̀ abẹ́ kan, tí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó ti tó. Ti ìbejì yàtọ̀. Omi tó ń gba àárín wọn jáde ti po pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, pọ̀rọ̀pẹ́là ò sì lè di ìfófòó mú. Ahọ́n yẹn gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i.

Wo ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Enduro 40 ní ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ìyẹn ti ínṣì 15, ó sì ní ti ínṣì 20. Tó bá jẹ́ kúkúrú lo gbé kọ́ ìdí tó ga, àdúrà ò ní ràn án.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ìyá, ẹ má bínú, mo gba ti iyanrìn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti wíwà. Ẹ̀gbọ́n, ìbejì kì í dùbúlẹ̀ sínú tó bá ń yà bí ọkọ̀ tẹ́ ẹ ti mọ̀. Á dúró pẹrẹsẹ ni, tàbí kó fì síta, ohun tí ẹ kò bá so á sì fò. Ẹ dín iná ẹ́ńjìnnì, ìyẹn eré rẹ̀, kù kẹ́ ẹ tó yà, tó bá ti kọjú síbi tẹ́ ẹ ń lọ tán, ẹ wá fún un níná. Tí ìgbì bá ń lé yín, ẹ gun ẹ̀yìn ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa bá a lọ. Ẹ má dédé pa iná nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ o! Imú á rì pátápátá. Kí okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì sì wà lọ́rùn ọwọ́ yín.

Ọmọ Ìbẹ̀ṣẹ̀ (lẹ́yìn ọjọ́ 12):
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé. Ìyá, ẹ kú ojú lóòótọ́. Omi tó dà jáde nínú Kẹ́yìndé kún kẹ́ẹ̀gì kan, ó tún ku díẹ̀. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kan irin bátìrì mọ́ ara rẹ̀ nínú, ìṣó méjì já sí òdìkejì. Omi tó ń ta sókè láàárín ló ń gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. A ti fi fáíbà dí i.

Nígbà tí mo wọn ẹ́ńjìnnì, ahọ́n fi ínṣì kan àtààbọ̀ ga ju abẹ́ ọkọ̀ lọ! Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni o. Ẹnì kan ló fi igi onínṣì méjì tẹ́ ẹ nídìí, mi ò mọ ẹni náà, bóyá ẹ̀gbin inú omi ló ń sá fún. A yọ igi náà, a lu ihò bóòtù tuntun nísàlẹ̀, a dí ti àtijọ́ kí omi má bàa jẹ pákó ìdí ọkọ̀. Mo sún irin síta ní ihò méjì, imú fò bí ẹṣin, mo dá a padà sí ẹyọ kan.

Àná la gba inú ìgbì bọ̀. Omi ta sí wa lára, àmọ́ imú ò wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fóònù mi ní a ń sá kìlómítà 36 ní wákàtí kan, kò kọjá 31 tẹ́lẹ̀. Ó kù kan: tí mo bá yà kíákíá, ẹ́ńjìnnì ṣì máa ń han díẹ̀. Ẹléwé mẹ́ta ni pọ̀rọ̀pẹ́là mi. Ṣé kí n ra ẹléwé mẹ́rin?

Mẹkáníìkì Etí Omi:
Ẹléwé mẹ́rin máa ń di omi mú dáadáa tó bá ń yà, ó kàn lè gba díẹ̀ nínú eré rẹ ni.

Atukọ̀ Àgbà:
Má tíì náwó. Ẹléwé mẹ́rin kan wà nílé mi tí mi ò lò mọ́. Gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé ká jọ dán an wò. Ìwọ lo máa gbé bẹntiróòlù wá.