Fíìmù 5.1 lórí sípíkà mẹ́rin: orin ń dún, ọ̀rọ̀ ẹnu ò jáde

Gbọ̀ngàn_Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Gbọ̀ngàn kékeré kan ní Bódìjà ni, mítà 9 ní gígùn. Sípíkà méjì wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, méjì wà lẹ́yìn. Kò sí ti àárín, kò sí subwoofer (sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn tó rẹlẹ̀ jáde). Kọ̀ǹpútà Windows là ń lò. Wáyà iwájú wà nínú ihò aláwọ̀ ewé, ti ẹ̀yìn wà nínú dúdú. Bí a bá ti fi fíìmù 5.1, tó ní ọ̀nà ohùn mẹ́fà, sí i, orin á máa dún, ìbọn á máa dún, òjò á máa rọ̀ lẹ́yìn èèyàn, ṣùgbọ́n ohun tí òṣèré ń sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Fíìmù sítẹ́rìò, tó ní ọ̀nà ohùn méjì péré, ò níṣòro kankan. Ṣé amplifier ló bàjẹ́ ni, àbí fáìlì?

WáyàPupa
Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn sípíkà iwájú méjèèjì. Bí wáyà pupa àti dúdú bá yí padà lára ọ̀kan, ohun tó yẹ kó dún láàárín á pa ara rẹ̀. Bátìrì 1.5 V tó fún un: ẹ fi pupa kan orí bátìrì, dúdú kan ìdí rẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Awọ sípíkà gbọ́dọ̀ yọ síta. Èyí tó bá wọlé, ẹ yí wáyà rẹ̀ padà. Ẹ tún wo bóyá ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnì karaoke lára amplifier, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yọ ọ̀tún kúrò nínú òsì kí ohùn akọrin lè pòórá.

Ìró_Dùgbẹ̀
Ẹ̀gbọ́n WáyàPupa, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyẹn ni, ti sítẹ́rìò náà ì bá dàrú, nítorí àárín ọ̀tún àti òsì ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń jókòó sí níbẹ̀ náà. Gbọ̀ngàn_Bódìjà sì ní sítẹ́rìò dára.

Ihò olómi-ọsàn tó ṣófo lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, èyí tí ohùn àárín àti ti subwoofer ń gbà jáde, ni kẹ́ ẹ wò. Ọ̀nà ohùn mẹ́fà ló wà nínú 5.1: iwájú òsì, iwájú ọ̀tún, àárín, LFE tó ń mi ilẹ̀, òsì àti ọ̀tún ti ẹ̀yìn. Àárín ni wọ́n sábà máa ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu sí. Windows gbà pé sípíkà mẹ́fà lẹ ní, ló bá ń da ọ̀rọ̀ sínú ihò tí kò ní wáyà.

Ẹ lọ sí Control Panel, Sound, Playback, ẹ tẹ orúkọ káàdì ohùn kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tẹ Configure. Ẹ kúrò lórí 5.1 Surround, ẹ mú Quadraphonic (sípíkà mẹ́rin), kí ẹ wá tẹ Test, kí ẹnì kan máa rìn láti sípíkà dé sípíkà. Lẹ́yìn ìyẹn, Windows tàbí ètò tó ń fi fíìmù hàn á pín àárín sí iwájú méjèèjì. Ìwọ̀n tí ITU-R BS.775, ìlànà àgbáyé fún ohùn ọlọ́nà púpọ̀, là sílẹ̀ ni 0.707, ìyẹn −3 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: 0.707 lọ́nà 0.707 jẹ́ ìdajì agbára, ìdajì òsì pẹ̀lú ìdajì ọ̀tún á sì di odidi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí èyí ta amplifier tuntun fún yín.

Kóòdù_Agodi
Bí ẹ bá ń lo mpv, ètò kan tí a fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè fọwọ́ ara yín pín in. Nínú mpv.conf, tó wà nínú %APPDATA%\mpv:

audio-channels=quad
af=lavfi=[pan=quad|FL=0.586*FL+0.414*FC|FR=0.586*FR+0.414*FC|BL=0.586*BL+0.586*SL|BR=0.586*BR+0.586*SR,adelay=0|0|17|17]

FL àti FR ni iwájú òsì àti ọ̀tún, FC ni àárín, BL àti BR ni ẹ̀yìn, SL àti SR ni ẹ̀gbẹ́; pan ló ń pín ohùn, adelay ló ń dá a dúró. Ẹ kọ quad, ẹ má kọ 4.0: lọ́dọ̀ mpv, iwájú mẹ́ta àti ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni 4.0. Mo kọ BL àti SL pọ̀ nítorí fáìlì kan á pe ohùn ẹ̀yìn ní BL, òmíràn á pè é ní SL. Èyí tí kò bá sí, pan á fò ó láìsọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ BL nìkan lẹ kọ, tí fáìlì sì ń lo SL, ẹ̀yìn á dákẹ́ lọ gbári, ẹ ò sì ní rí àmì àṣìṣe kankan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni àmì <. Bí ẹ bá fi í sípò = nínú pan, á máa tún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí àpapọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ 1. Iwájú á sọ̀kalẹ̀ sí 0.586, ẹ̀yìn á dúró sí 1, ẹ̀yìn á wá fi bíi 4.6 dB ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo = tí mo sì ṣírò rẹ̀ fúnra mi: 1 àti 0.707, tí a pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 1.707, ló di 0.586 àti 0.414. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ṣì kéré, ẹ sọ gbogbo 0.586 àti 0.414 náà di 0.5, ọ̀rọ̀ á fi 3 dB ga sí i ju ìyókù lọ.

17 yẹn: ẹni tó jókòó sẹ́yìn jìnnà sí sípíkà iwájú tó mítà 7.5, sí ti ẹ̀yìn mítà 1.5. Ìyàtọ̀ mítà 6 ni, mítà kan sì ń gba ohùn ní bíi 2.9 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Bí ẹ ò bá dá ẹ̀yìn dúró díẹ̀, etí lè gbà pé ẹ̀yìn ni ohùn ti ń wá. Ẹ fi téèpù wọn tiyín.

Gbọ̀ngàn_Bódìjà
Quadraphonic ti ṣe é, ọ̀rọ̀ ti jáde ketekete. Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ àwọn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì ní apá òsì nìkan ni ọ̀rọ̀ ti ń wá. Mo sì rí i pé kò sí LFE nínú ìlà yẹn, ṣé kí n fi kún un?

Ìró_Dùgbẹ̀
Ti ẹ̀gbẹ́ òsì, kò sí nọ́ńbà tó lè wò ó sàn. Sípíkà tó sún mọ́ wọn ni etí wọn ń kọ́kọ́ gbọ́. Sípíkà àárín gan-an nìkan ló lè tún un ṣe.

LFE, ẹ fi sílẹ̀. 10 dB ju ọ̀nà yòókù lọ ni wọ́n fi ń gbé e jáde lórí subwoofer, sípíkà tí kò tóbi á kàn máa gbọ̀n pẹrẹpẹrẹ títí kọ́ìlì rẹ̀ á fi jó. Bẹ́ẹ́sì orin ṣì wà nínú ọ̀nà márùn-ún yòókù.