Kí ni kí n ṣe kí wàhálà kéékèèké má baà máa gba ayọ̀ lọ́wọ́ mi?

Ará Ìjòmù béèrè:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n wa. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Kò sí àìsàn, kò sí gbèsè, ṣùgbọ́n nǹkan kéékèèké ló ń ba ọjọ́ mi jẹ́: jẹnẹrétọ̀ tí kì í dáhùn bí iná bá lọ, iyán tó ń ní kókó lọ́jọ́ Àìkú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọjà Ọba nírọ̀lẹ́. Kí n tó délé, ojú mi ti le débi pé àwọn ọmọ kì í lè sún mọ́ mi. Ohun tí mo lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní ni mò ń wá o, ẹ má wulẹ̀ ní kí n ṣe sùúrù.

Bàbá Ọ̀bà-Ilé:
Àbúrò, jẹnẹrétọ̀ ni kó o kọ́kọ́ yanjú, nítorí ọwọ́ rẹ ká a. Bó bá jẹ́ kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, yẹ ìwé rẹ̀ wò. 50 sí 1 ló wọ́pọ̀, ìyẹn 20 mílílítà ọ́ìlì sí lítà bẹntiróòlù kan. Àwọn tó ń fojú díwọ̀n máa ń da ọ́ìlì jù. Èéfín á máa rú, púlọ́ọ̀gì á dúdú, iná kò ní ta mọ́. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, tú púlọ́ọ̀gì, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹnu rẹ̀, nù ún gbẹ, dá a padà. Bó o bá mọ̀ pé o ò ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ti ẹnu ibi tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kó jó èyí tó kù nínú kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, títí á fi kú fúnra rẹ̀. Epo tó bá sùn síbẹ̀ á ki, á sì dí ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Ìta gbangba ni kó máa wà, kó jìnnà sí fèrèsé. Gáàsì tí kò lóòórùn wà nínú èéfín yẹn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Ìyá Alágbàká:
Ọmọ mi, inú ìkòkò ni kókó ti ń bẹ̀rẹ̀. Gé iṣu náà dọ́gba, torí bí ọ̀kan bá nípọn ju èkejì, inú rẹ̀ á ṣì le nígbà tí èkejì ti jinná. Fi ọ̀bẹ gún àárín èyí tó nípọn jù. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, ó ti tó. Má da gbogbo rẹ̀ sódó lẹ́ẹ̀kan náà. Mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó o de ìyókù kí ooru má kúrò lára rẹ̀. Má sì ta omi sí i títí kókó á fi tán, torí omi tó bá tètè wọ̀ ọ́ ló ń mú kókó máa yọ̀ lábẹ́ ọmọ odó. Ìgbà tó bá kúnná tán lo tó lè máa wọ́n omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Omi pọ̀ nínú iṣu tuntun, fi ìyẹn dín dùndún, kó o fi èyí tó gbó gún iyán.

Pe àwọn ọmọ sídìí odó. Kí àgbà gún, kí kékeré máa kó iṣu. Ibẹ̀ gan-an ni ayọ̀ tó ò ń wá wà, má lé wọn lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n.

Olùkọ́ Òkè-Àró:
Ẹ̀gbọ́n, àtúnṣe ń mú ìbínú kúrò, ṣùgbọ́n ayọ̀ fúnra rẹ̀, àfi kéèyàn fojú sí i. Ní 2005, Martin Seligman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa kọ ohun rere mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ lóòjọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì kọ ìdí tó fi ṣẹlẹ̀. Inú wọn dùn sí i, ó sì hàn lára wọn títí di oṣù mẹ́fà. Ìdí yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. "Mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí" dára, àmọ́ bó bá jẹ́ òun náà lẹ ń kọ lójoojúmọ́, ọkàn kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mo rí mọ́ínmọ́ín gbígbóná rà, nítorí mo yà sí Arákàlẹ̀." Ìwé àti bírò ni kẹ́ ẹ lò, bẹ́ ẹ bá ṣí fóònù, WhatsApp á gbé yín lọ.

Ará Ìjòmù:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìjàpọ̀:
Ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa kò ká ìyẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ jókòó síta, ẹ fa èémí sínú fún kíkà mẹ́rin, kẹ́ ẹ mí i síta fún kíkà mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èémí ìta tó gùn ju ti inú lọ ló ń dẹ ọkàn tó ń sáré. Ẹ wẹ ẹsẹ̀, ẹ mu omi, kẹ́ ẹ tó pe àwọn ọmọ. Bí ebi bá wà níbẹ̀, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n bó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tí ẹ ò rí oorun sùn tàbí tí oúnjẹ kò wọlé, ẹ lọ rí dókítà. Ìyẹn ti kọjá ti jẹnẹrétọ̀ àti iyán.