Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: màmá mi ń sanra lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá mi ti parí kẹ́mò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) n'Íbàdàn, tamoxifen, oògùn tí wọ́n ń lò kí jẹjẹrẹ ọyàn má bàa padà, ni wọ́n ń lò báyìí. Wọ́n ń sanra gan-an. Apá bùbá wọn ò wọ̀ mọ́. Inú ẹbí ń dùn pé ara ti mókun, iyán ni wọ́n ń gún fún wọn ṣáá. Ṣùgbọ́n dókítà ní kí wọ́n fọn díẹ̀, torí bí nǹkan oṣù bá ti dúró, inú ọ̀rá ni ara ti ń pèsè estrogen, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin, òun sì ni irú jẹjẹrẹ tiwọn fi ń dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, báwo lẹ ṣe dín oúnjẹ kù tí okun ò fi tán? Kí sì ni kí n sọ fún ẹbí tí wọn ò fi ní bínú?