Gíríìn bíìnsì aláta bíi ti ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà: kí ló dé tí tèmi fi ń di olómi?

Ará Òkè-Fìà, Òṣogbo, béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tí ẹ ń dáná. Ní oṣù tó kọjá, èmi àti ọkọ mi lọ kí àwọn ẹbí wa kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì mú wa lọ jẹun ní ilé oúnjẹ kan tí àwọn ará Ṣáínà ń ṣe. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbé wá sórí tábìlì, èyí tí n kò lè gbàgbé ni àwo gíríìn bíìnsì kan, irú èyí tí àwa máa ń gé wẹ́wẹ́ sínú fúráìdì ráìsì. Tiwọn gùn bí ìka, ara rẹ̀ hunjọ, iná ti fi àmì díẹ̀díẹ̀ sí i lára, ata gbígbẹ pupa àti aáyù sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kò lómi rárá. Ó ta, ṣùgbọ́n títa rẹ̀ kì í ṣe ti ata nìkan, nítorí pé ètè mi kú díẹ̀, ó sì ń gbọ̀n fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Mo bi ẹni tó gbé e wá léèrè, ó ní gan bian si ji dou ni orúkọ rẹ̀, àti pé oúnjẹ Sichuan, ìpínlẹ̀ kan ní Ṣáínà, ni.

Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nílé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ra ẹ̀wà náà ní ọjà Ìgbọ̀nà, mo fọ̀ ọ́, mo gé orí àti ìdí rẹ̀, mo da òróró díẹ̀ sínú páànù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, mo sì da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata rodo gígún àti sọ́ì sọ́ọ̀sì. Ohun tí mo rí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀wà tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀ nínú omi dúdú. Ọkọ mi, tí kì í fẹ́ bà mí nínú jẹ́, sọ pé ọbẹ̀ náà dùn. Bẹ́ẹ̀, n kò se ọbẹ̀.

Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́? Ṣé iná gáàsì mi ni kò lágbára tó ni, àbí ohun èlò kan wà tí n kò mọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, a kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú ilé wa. Bí ó bá wà nínú rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ fún mi.

Alásè Òde fèsì:

Ẹ kú ìdáná o, àbúrò mi. Mo pè yín bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti lé ní ọdún 20 tí mo ti ń se oúnjẹ ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà káàkiri Òṣogbo, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà mo ti jẹ irú ìyà tí ẹ ń jẹ yìí rí. Kì í ṣe pé ẹ kò ní ohun èlò. Omi ló ń bá yín jà.

Orúkọ oúnjẹ náà gan-an ti sọ ọ́. Gan ni gbígbẹ lédè wọn, bian sì ni kí a máa yí nǹkan nínú òróró díẹ̀ lórí iná títí omi ara rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ wá wo ohun tí ẹ ṣe: nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà yìí, nǹkan bíi 90 jẹ́ omi, ẹ tún fọ̀ ọ́ láìjẹ́ kí ó gbẹ, ẹ kó àlùbọ́sà àti ata gígún tó kún fún omi tì í, ẹ sì da sọ́ì sọ́ọ̀sì lé e nígbà tí kò tíì gbóná, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ inú rẹ̀ ń fa omi jáde lára ẹ̀fọ́. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lójú ẹ̀wà, ojú rẹ̀ kò lè gbóná ju 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú oúnjẹ pọ́n, tó ń fún un ní òórùn bíi ti èèpo àkàrà, ń fẹ́ nǹkan bíi 140.

Òótọ́ ni pé iná ilé oúnjẹ le ju ti ilé lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Tiwọn a máa ru sókè yí agbada ká, wọn a sì kọ́kọ́ ti ẹ̀wà bọ inú òróró gbígbóná púpọ̀ kí wọ́n tó dá a padà sínú agbada. Ẹ kò nílò irú iná bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá lè ní sùúrù. Ẹ gbé páànù tí kì í lẹ̀ yẹn tì, nítorí bí ó bá gbóná kọjá 260, ohun tí wọ́n fi kùn ún lára yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ wá agbada onírin tí àwọn alákàrà ń lò, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí roboto. Ìbátan gidi ló jẹ́ fún èyí tí àwọn ará Ṣáínà fi ń dáná. Bí gáàsì yín bá ṣe ẹlẹ́yà, ẹ gbé e lé iná eléèédú kí ẹ sì fẹ́ ẹ.

Bí mo ṣe ń ṣe ìdajì kílò nìyí. Láti àárọ̀ ni mo ti máa ń fọ̀ ọ́, n ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí omi tó bá kù lára rẹ̀ yóò mú kí òróró ta sí ni lára. N ó gé orí àti ìdí rẹ̀, n ó fa okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ, n ó sì dá a sí méjì. N ó da òróró ife méjì sínú agbada, n ó sì jẹ́ kí ó gbóná dé ibi tí ègé àlùbọ́sà kan tí mo jù sí i yóò ti máa hó lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn súnmọ́ 180. N ó yọ àlùbọ́sà náà, n ó wá da ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀wà náà sí i, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí àṣìṣe yín ti pọ̀ jù nìyí: bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, òróró yóò tutù, ẹ̀wà yóò sì máa sè nínú omi ara rẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ẹni tó bá ń dín àkàrà mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ní ìṣẹ́jú 5 sí 6, ẹ óò gbọ́ tí ariwo òróró ń rọlẹ̀, ìyẹn ni pé omi ti ń tán. Ara ẹ̀wà yóò hunjọ, yóò sì máa pọ́n níbì kan níbì kan. N ó fi asẹ́ kó o, n ó sì jẹ́ kí òróró tún gbóná kí ìdá kejì tó wọlé.

Lẹ́yìn èyí, n ó da òróró kúrò títí yóò fi ku ṣíbí ńlá kan, n ó sì dín iná kù. Ata ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ mẹ́fà tí mo ti gbọn kóró rẹ̀ dànù ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ohun tó ń mú ata ta kì í yọ́ nínú omi, inú òróró ló ti ń yọ́. Ìdí nìyẹn tí ata fi gbọ́dọ̀ kan òróró kí nǹkan mìíràn tó dé. Ìṣẹ́jú àáyá 10 tó o. Bí ó bá dúdú, ó ti korò, ẹ dà á nù kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Aáyù àwẹ́ mẹ́ta àti atalẹ̀ tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ ló tẹ̀ lé e, gígé wẹ́wẹ́ ni o, kì í ṣe gígún. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, pẹ̀lú ewé músítáàdì tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́, tí wọ́n ń pè ní ya cai. Àwọn mìíràn ní Ṣáínà máa ń lo edé gbígbẹ, edé kò sì wọ́n wa ní Ọjà Ọba. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì yí i títí yóò fi ta sánsán. Ẹ wá dá ẹ̀wà padà, ẹ gbé iná sókè, ẹ da ṣíbí kékeré méjì sọ́ì sọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ agbada, kì í ṣe sórí ẹ̀wà, pẹ̀lú ìdajì ṣíbí kékeré ṣúgà. Ìṣẹ́jú méjì, ó parí. Kò sí àlùbọ́sà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún Yorùbá láti dáná láìsí àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n omi ni àlùbọ́sà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ohun Ọ̀gbìn fèsì:

Màmá Alásè ti sọ ti omi tán. Ti ètè tó kú ni mo fẹ́ dáhùn.

Huajiao ló ṣe é. Kì í ṣe ata, kì í sì í ṣe iyèré. Èèpo èso igi kan ni, ẹgbẹ́ igi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Zanthoxylum ni ó sì wà. Ìbátan rẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn bàbá wa láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé inú ẹgbẹ́ kan náà ni igi orín àtà wà. Ẹni tó bá ti fi orín àtà fọ ẹnu rí mọ bí ahọ́n ṣe ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ti ilé oúnjẹ yẹn ṣe rí gan-an nìyẹn. Sanshool ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú huajiao, àwọn iṣan tí a fi ń mọ ìfọwọ́kàn ló sì ń jí. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní University College London fi í sí ètè àwọn ènìyàn, wọ́n sì rí i pé gbígbọ̀n tí wọ́n ń rò lára bá ti ohun tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan dọ́gba. Mala ni àwọn ará Sichuan ń pe àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ata: ma ni kíkú, la ni títa.

Ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ mi lọ orín àtà sínú oúnjẹ o. Gbòǹgbò ni, ó korò, iṣẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó bá ń lọ sí Èkó bá yín wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìdáná àwọn ará Ṣáínà. Kóró dúdú inú rẹ̀ dà bí iyanrìn lẹ́nu, ẹ ṣà á dànù. Ẹ yan èèpo rẹ̀ nínú agbada gbígbẹ lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi máa ta sánsán, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sì wọ́n ìdajì ṣíbí kékeré sí i nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ se é láìsí i. Yóò ta, ètè kò kàn ní kú ni.

Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ́ràn Oúnjẹ fèsì:

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nítorí àwọn tí yóò ka èyí tí wọn yóò sì máa kánjú. Májèlé kan wà nínú gíríìn bíìnsì tútù, bí ó ṣe wà nínú ẹ̀wà pupa ńlá, iná tó tó nìkan ló sì ń pa á. Ní Ṣáínà, ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé kí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn tó jẹ èyí tí kò jinná. Kí ẹ má ṣe wo ojú rẹ̀ tó ti pọ́n nìkan: bí ẹ bá ṣẹ́ ọ̀kan, tí inú rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tó ń dún kàú lẹ́nu, ẹ dá a padà sórí iná.

Ọmọ Onírú fèsì:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ irú? Àwọn ará Sichuan náà ń lo ẹ̀wà sóyà dúdú tí wọ́n bò títí ó fi rà, douchi ni orúkọ rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń pe irú wa ní ẹ̀gbọ́n. Ìyá mi ń ta irú wooro, mo sì ti fi ṣíbí kékeré kan dín in pẹ̀lú aáyù, kí n tó da ẹ̀wà padà. Gbogbo ilé ló lá àwo.

Alásè Òde fèsì:

Irú wooro, mo gbà. Irú pẹ́tẹ́, rárá, nítorí pé yóò lẹ̀ mọ́ ìdí agbada yóò sì jó. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: bí irú bá ti wọ inú rẹ̀, oúnjẹ Òṣogbo ni, kò sì burú, ẹni tó béèrè ń wá èyí tó jẹ ní Ìbàdàn, mo sì rò pé edé yóò mú un súnmọ́ ọn ju irú lọ.

Ará Òkè-Fìà fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi Alásè. Mo yá agbada lọ́wọ́ alákàrà àdúgbò wa, ó sì rẹ́rìn-ín mi títí. Ẹ̀wà ìdá àkọ́kọ́ hunjọ bí mo ṣe rí i ní Ìbàdàn, n kò sì rí omi kankan. Ìdá kejì kò pọ́n tó ti àkọ́kọ́ nítorí pé n kò dúró kí òróró tún gbóná. Ata ni mo ba jẹ́: mo gbàgbé láti dín iná kù, ó dúdú lójú ẹsẹ̀, èéfín rẹ̀ sì lé gbogbo wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa àti aládùúgbò ń wúkọ́. Mo dà á nù bí ẹ ṣe wí, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi kò pè é ní ọbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó béèrè bóyá ó kù. Ìbéèrè mi tó ṣẹ́kù ni pé kí ni kí n ṣe sí òróró tó kù, àti ìdí tí àwọn ẹ̀wà kan fi le bí okùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti jinná.

Alásè Òde fèsì:

Ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ òróró náà nígbà tó bá tutù, kí ẹ sì fi dín dòdò tàbí ẹyin láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Kò níí run ata nítorí pé ẹ ti dà á kúrò kí ata tó wọlé. Ti ẹ̀wà tó le, láti ọjà ni. Apá Jos ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ọjọ́ tó bá sì lò lójú ọ̀nà àti lórí àtẹ máa ń hàn lára rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣẹ́ ẹyọ kan lójú ẹni tó ń tà á: èyí tó bá dá pàkà ni kí ẹ rà, èyí tó bá kàn tẹ̀ tí kò dá, ẹ fi sílẹ̀ fún un.