Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìdí ìbọn

Ọmọ_Ọdẹ_Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Marlin 336 ni ìbọn mi, ọta .30-30 ló ń jẹ, àlòkù ni mo rà á. Ojú ti ń dàgbà, ni mo bá gbé awò tó ń mú ọ̀ọ́kán sún mọ́ni lé ìbọn náà. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ̀rẹ̀kẹ́ ti igi ìbọn, abẹ́ awò lojú mi ń bọ́ sí. Àgbọ̀n ni mo wá fi ń tì í, ọrùn á nà bíi ti ògòǹgò. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣí ọdẹ àgbọ̀nrín ní Texas níbí. Kí ni mo lè fi ṣe é nílé?

Àgbà_Òkè_Ògùn
Ìbọn yẹn ò ṣẹ̀ ọ́. Irin kékeré tí à ń fi wo ọ̀ọ́kán ni wọ́n bá a gbẹ́ igi rẹ̀, kì í ṣe awò. Awò ga ju irin lọ, igi sì wà níbi tó wà.

Yọ ọta tán ná, kí o tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Di ojú, gbé ìbọn sí èjìká, jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ balẹ̀ síbi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí o wá lajú. Bí òjìji dúdú bá jẹ etí awò, ojú rẹ ò tíì sí láàárín. Máa to páálí lé igi níkọ̀ọ̀kan, títí awò á fi mọ́ roro. Bí páálí yẹn bá ṣe nípọn tó ni kí o ṣe tìmùtìmù rẹ.

Ìyá_Ìbejì_ATL
Ẹ lo ẹní fóòmù tí wọ́n ń tẹ́ sùn nínú àgọ́, èyí tí kì í fa omi. Ìrépé mẹ́ta ni mo gé, ti ìsàlẹ̀ fẹ̀, ti òkè tẹ́ẹ́rẹ́. Mo wá fi báńdéèjì tí wọ́n ń wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin wé e, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù. Ọkọ mi ní ṣé ìbọn mi fara pa ni. Òun náà ló ń yá a báyìí.

Túndé_Aláriwo
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ téèpù mọ́ igi tààrà o! Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo bó o, ó bó fáníìṣì lọ, igi wá rí bí ẹni tó ní làpálàpá.

Remington 700 ni tèmi. Mo ṣe tìmùtìmù tán, ó wù mí, àfi ìgbà tí mo fẹ́ nu ìbọn tí bóòtù, irin tí à ń fà sẹ́yìn láti ki ọta, kọ̀, kò jáde lẹ́yìn. Mo ní láti gé iwájú rẹ̀ dànù. Marlin kò níyọnu ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dé ọrùn igi, ibi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ ń dì mú; àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ ráyè dé òòlù ẹ̀yìn.

Bọ̀dá_Aláwọ
Báńdéèjì dáa fún ọdún kan. Awọ ló ń pẹ́. Fi ọ̀rá wé igi kí omi má bàa kàn án. Rẹ awọ sómi títí á fi rọ̀, nà án bo fóòmù, kó gbẹ síbẹ̀ mọ́jú. Dá ihò sí etí rẹ̀ méjèèjì, kí o wá fi okùn bàtà fà á pọ̀ lábẹ́ igi, bí wọ́n ṣe ń fa ọṣán gángan. Bó bá dẹ̀, tún un fà.

Ohun kan tí wọn ò tíì sọ: má jẹ́ kí iwájú ga ju ẹ̀yìn. Bí ìbọn bá ta padà, á gbá ọ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ọmọ_Ọdẹ_Houston
Ẹ ṣé gan-an. Bàbá mi ní Ṣakí, ṣakabùlà ni wọ́n ń yìn, wọn kì í gbé ojú sún mọ́ ọn rárá, torí iná ẹ̀tù. Èmi ọmọ wọn ń wá tìmùtìmù!

Mo ti to páálí. Márùn-ún ló gbà kí awò tó mọ́. Fóòmù wà nílẹ̀, awọ ni kò sí. Bọ̀dá, ṣé sòkòtò jíǹsì tó ti gbó lè gbé e?

Bọ̀dá_Aláwọ
Á gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o gé, má lo ibi síìbù.