Aró tó jáde bí ewé tútù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹ̀lú

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní Sátidé tó kọjá, èmi, bàbá àwọn ọmọ, àwọn ìbejì (ọmọ ọdún 8) àti ìyá ọkọ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ níbí n'Ìbàdàn. Táyé bá alágbẹ̀dẹ fín ẹwìrì títí òógùn fi bò ó. A yà lọ́dọ̀ ahunṣọ náà, a ò pẹ́ níbẹ̀.

Ìdí ìkòkò aró la wá dúró sí. Wọ́n ti fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kan, wọ́n rì í. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ó rí bí ewé tútù! Kẹ́yìndé pariwo pé aró ti bàjẹ́. Kó tó sọ ọ́ tán, aṣọ ti ń dúdú lójú wa.

Màmá ò sọ̀rọ̀. Wọ́n sún mọ́ ìkòkò, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀lú gidi nìyí, kì í ṣe aró òyìnbó." Àṣé ọmọ aláró ni wọ́n! Ọdún 11 tí mo ti wà nílé ọkọ, mi ò gbọ́ ọ rí. Títí a fi délé ni wọ́n ń sọ bí àwọn àti ìyá wọn ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, tí wọ́n ń ṣù ú, tí wọ́n ń sá a.

Kí ló dé tó kọ́kọ́ rí bí ewé? Kẹ́yìndé ò jẹ́ n sinmi. Ṣé a sì lè ṣe é nílé? Màmá ti pé ọdún 76, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n díẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Aláró, Òṣogbo:
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ sọ fún Kẹ́yìndé pé aró ò bàjẹ́. Aró ẹ̀lú kì í yọ́ nínú omi lásán. Omi eérú àti kíkan tó ń kan nínú ìkòkò ló ń yọ́ ọ, ìgbà yẹn ló máa ń rí bí ewé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, á padà di búlúù, á há sára òwú. Ẹ̀ẹ̀kan kì í tó; ẹ ó máa rì í, ẹ ó máa yọ ọ́.

Ẹ lu ìdí ìkòkò kan, ẹ kó eérú sí i, ẹ gbé e lé òmíràn, ẹ bu omi lé eérú náà, kí omi máa ro díẹ̀díẹ̀. Omi yẹn lẹ máa kó ẹ̀lú gbígbẹ sí. Ẹ bi àwọn ẹlẹ́wé ọmọ lọ́jà. Ẹ bò ó fún bí ọ̀sẹ̀ kan, imú Màmá ló máa mọ ìgbà tó tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́sítíìkì rọ́pò eérú nítòsí ọmọdé. Ó ń bó ọwọ́.

Ọmọ Ọjà'ba:
Èmi ò mọ tìkòkò, ọnà ara aṣọ ni mo mọ̀. Ẹ bi Màmá bóyá wọ́n lè ya ọnà àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, wà lára ọnà rẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ gòkè Màpó ná, kí wọ́n fọwọ́ kan òpó náà kí wọ́n tó mú ìyẹ́ adìyẹ.

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Màmá létí. Wọ́n fi ìka ya òpó Màpó sórí tábìlì, ọwọ́ wọn ò gbọ̀n. Alákàrà tó ń fi igi dáná lójúlé kejì ti gbà láti máa tọ́jú eérú rẹ̀ dè wá.